Kọ̀ǹpútà Tí O Fi Sílẹ̀ Ti Jí

Abà Sàláwù,
Lọ́nà Ẹgbẹ́dá,
Ìbàdàn.

Mahfuz Àkànní, ọkọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé níbi tó o bá wà. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì àti omi tútù lo ṣì fi ń tan ikùn tí mo fi ẹ̀kọ gbígbóná tọ́ dàgbà jẹ? Ọlọ́run Ọba Aláàánú kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ilẹ̀ Èkó, iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní di àṣedànù, o ó máa rí ojú rere ọ̀gá rẹ, ẹni tó bá sì ní kí ọ̀nà ilé gùn lójú rẹ, ọ̀nà tirẹ̀ ni yóò gùn. Àmín. Bàbá rẹ náà ti ṣe Àmín láti orí ìjókòó wọn, wọn ò tilẹ̀ béèrè ohun tí mo ń kọ.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ tí n kò pè ọ́. Fóònù kò dára fún ọ̀rọ̀ gígùn. Bí mo bá ti kí ọ tán, tí mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, obìnrin tó wà nínú rẹ̀ á já wọ àárín ọ̀rọ̀ wa láìkí ènìyàn, á ní owó mi ti tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n ṣe Àmín ná, kò gbọ́. N kò mọ ẹni tó bí i, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, kí ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà má baà ṣòfò, n ó sì fi ìwé náà rán dírẹ́bà tó ń ná Adégbàyí sí Èkó.

Nílé, dáadáa la wà. Òjò ti ń rọ̀, ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn odò sì ti ta bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé à ń retí àlejò. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́, wọn ò mú ọ̀pá lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, àfi tí mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé àpò gàrí ló tún máa ń dùn wọ́n. Àsmá'ù àbúrò rẹ ní o ṣèlérí bàtà fún òun, àti pé ẹsẹ̀ òun kò dúró dè ọ́, ó ń dàgbà lọ. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ jókòó.

N kò bínú, Àkànní, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Iléyá méjì la ti ṣe láìfojú kàn ọ́, tí mo ń fi ẹran tìrẹ pa mọ́ títí yóò fi le bí igi. Nígbà tí bàbá rẹ pè ọ́, o ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́, pé ìdí kọ̀ǹpútà lo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, pé ká ní kọ̀ǹpútà wà ní abà ni, odindi ọ̀sẹ̀ kan lò bá fi jókòó tì wá. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Bàbá rẹ ní àwáwí ni. Èmi ò gbà. Mo ní ọmọ mi kì í purọ́, ó gbàgbé ni, nítorí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó rà nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, yàrá rẹ̀ níbí ló fi í sílẹ̀ sí. Tí mo bá ti lè jí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Iléyá tó ń bọ̀ yìí, kò ní sí ohun tí yóò dá ọ dúró mọ́, o ó wálé.

Mo bá wọ yàrá rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti fi aṣọ àrán bò ó, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e, àfi àpò gàrí kan báyìí nígbà tí òjò ń jò sí yàrá tiwa. Mo ṣí i, mo nu ojú rẹ̀, mo sì kí i, nítorí ohun tí ènìyàn ti pa tì láti ọjọ́ yìí wá, kò yẹ ká dédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ níkùn. Iná ìjọba wà lọ́jọ́ náà. Mo tẹ bọ́tìnnì tí mo máa ń rí i tí ò ń tẹ̀. Kò dáhùn. Àsmá'ù tẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ náà na ọ̀pá wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ lọ gbári. Bàbá rẹ ní ó ti kú, kí n kó àpótí rẹ̀ fún àwọn kí adìyẹ máa yé sí i. Mo ní kò sí adìyẹ tí yóò yé sínú iṣẹ́ ọmọ mi.

Mo pe Roheem, tí ẹ jọ lọ sílé ìwé, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Adégbàyí. Ó ní kí n wo wáyà rẹ̀. Mo wò ó, èkúté ti jẹ ẹ́ dé ojú irin. Mo ra òmíràn ní Ẹgbẹ́dá, a kì wáyà tuntun náà bọ̀ ọ́, síbẹ̀ kò dáhùn. Roheem wá bi mí bóyá yàrá náà ń jò. Mo ní ó ń jò díẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀, kí n wá ibi tó gbóná tó sì gbẹ gbé e sí títí òun yóò fi ráyè wá.

Ìwọ náà mọ ilé yìí. Ibo ló tún gbóná, tó sì gbẹ, tó ẹ̀gbẹ́ ààrò tí mo ti ń yan gàrí? Ibẹ̀ ni mo ń sá ẹ̀gúsí sí lásìkò òjò, ibẹ̀ laṣọ ilé ìwé rẹ ti máa ń gbẹ, ibẹ̀ náà ni mo gbé ìwọ gan-an jókòó sí nígbà tí ọ̀fìnkìn fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ, ó sì san. Mo gbé àpótí náà síbẹ̀, mo kọ ojú rẹ̀ sí iná kí ooru lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa, mo sì ń yan gàrí mi lọ. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un pé Iléyá ń bọ̀.

Nígbà tí Roheem dé, ó káwọ́ lérí. Iwájú àpótí náà ti rọ̀, ó ti wọ́ sí apá kan, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ bí ètè ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó ní ooru tí òun sọ kì í ṣe ti gàrí. Mo ní kó yé pariwo, ṣé ó jóná ni? Ó wò ó yí ká, ó ní inú rẹ̀ kò fara gbá, ojú rẹ̀ nìkan ni. Mo ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ojú lẹ máa ń wò ṣá. Tí o bá dé, má jẹ́ kí ó bà ọ́ nínú jẹ́, lójú tèmi ó ti rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkànní, ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ìyẹ̀fun gàrí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, aáyán ti tẹ ìlú dó síbẹ̀, ọmọńlé sì ti yé ẹyin sẹ́yìn fáànù kékeré kan. Bàbá rẹ ní ṣé mo ti rí i báyìí, pé òun ti sọ pé ibi ìyé ẹyin ni. Roheem fi ẹnu fẹ́ ẹ, gàrí bò ó lójú, ó sín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn tó lágbára ju ti ẹnu lọ la nílò, àfi ká gbé e lọ bá Sàníù tó ń lẹ táyà ní oríta.

Èmi ni mo rù ú. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ gbé e sórí ọ̀kadà, nítorí ọlọ́kadà kò mọ aláìsàn yàtọ̀ sí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá béèrè lójú ọ̀nà, mo ní kọ̀ǹpútà Mahfuz ni, ó ń lọ gba atẹ́gùn. Sàníù bi mí pé irú atẹ́gùn wo ni kí òun fún un, ṣé ti kẹ̀kẹ́ ni àbí ti ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ní ti ọkọ̀ akẹ́rù, kó má baà tètè tán nínú rẹ̀. Roheem sáré ní ti kẹ̀kẹ́ ti tó. Bí Sàníù ṣe tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, gàrí tú jáde, ó bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ni àwọn ewúrẹ́ oríta bá pé lé e lórí. N kò gba owó gàrí náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A gbé e dé ilé, a kì wáyà bọ̀ ọ́, ó sì mí. Fáànù rẹ̀ yí, iná kékeré kan tàn lójú rẹ̀ tó wọ́. Mo ti fẹ́ dúpẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ ọn ṣì ṣókùnkùn. Mo ní ebi ń pa á. Roheem ní kì í ṣe ebi, ìrántí rẹ̀ ló ti yẹ̀ nídìí. Mo ní háà, irú èyí tó ń ṣe àwọn tó lọ sí Èkó. Ó fa ìrántí náà yọ, mo sì fojú rí i: ó pẹlẹbẹ, ó gùn bí òòyà, eyín rẹ̀ dà bíi wúrà. N kò mọ̀ pé bí ìrántí ṣe ń rí nìyẹn. Roheem ní ìdọ̀tí ló bo eyín rẹ̀, kí Àsmá'ù yá òun ní kílínà tó fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bi í bóyá ó fẹ́ pa gbogbo ohun tó rántí rẹ́ ni, kó wá jí tán kó má mọ Mahfuz mọ́. Ó rọra ṣàlàyé pé eyín yẹn nìkan lòun fẹ́ fọ̀. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúró tì í, mo ń ka Fátíhà lábẹ́nú títí ó fi dá a padà sáyè rẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò ké mọ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ funfun sì ń sáré lórí rẹ̀. Roheem kà á, ó ní kò mọ ọjọ́ òní, bátìrì kékeré tó fi ń ka ọjọ́ ti kú, ọdún 2009 ló rò pé a wà. Ní ọdún yẹn, abẹ́ òrùlé yìí lò ń sùn, o sì máa ń tẹ̀ lé mi lọ sóko. Mo bẹ Roheem pé kó má tíì yí i. Mo jókòó síwájú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí lójú tirẹ̀, o ò tíì lọ ibì kankan. Lẹ́yìn náà mo ní kó fi bátìrì tuntun sí i, kó má baà jẹ́ pé kò ní mọ̀ pé Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìgbà tí Roheem sọ ọjọ́ òní fún un tán ni ojú rẹ̀ wá yí sí àwọ̀ sánmà, orin kékeré kan dún, orúkọ kan sì jáde gbàgàdà láàárín: MAHFUZ. Kì í ṣe orúkọ Roheem tó tún un ṣe, kì í ṣe orúkọ èmi tí mo rù ú. Láti ọjọ́ tó ti sùn, orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ pè. Mo sunkún, n kò ní tàn ọ́.

Lábẹ́ orúkọ náà, àyè tóóró kan wà. Roheem ní ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí ìwọ àti òun jọ mọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn. Mo ní ìyẹn ò le, ṣebí èmi ni mo bí ọ. Mo ní kó tẹ Àkànní. Kò gbà. A tẹ orúkọ mi, kò gbà. Bàbá rẹ ní ká kúrò níbẹ̀, ká tẹ ti àwọn, kò gbà, wọ́n sì padà lọ jókòó. Àsmá'ù ní ká tẹ orúkọ ọmọbìnrin kan ní Ẹgbẹ́dá tí n kò gbọ́ rí. Ìyẹn náà kò wọlé, ṣùgbọ́n a ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Roheem wá ní òun mọ ọgbọ́n tí òun lè fi fo ilẹ̀kùn náà kọjá. Mo ní kó má dán an wò. Ìwọ ló ń dúró dè, kò sì yẹ ká já wọ ilé ẹni tí kò sí nílé.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún epo jẹnẹrétọ̀, kí iná ìjọba má baà di àwíjàre, kí bàtà Àsmá'ù náà sì wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà yìí kan náà ni kó o fi rán. Bàbá rẹ tó ní àwáwí ni, wọ́n ti gbé àga wọn wọ yàrá rẹ báyìí. Wọ́n ní àwọn kàn ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má fa wáyà rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni wọ́n tẹjú mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ àṣírí náà, Àkànní, má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, má kọ ọ́ sínú ìwé, má sì fi rán dírẹ́bà. Roheem ní òun lè gbà á lẹ́nu rẹ kí òun bá ọ tẹ̀ ẹ́. Mo ní kò kàn án. Kí Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn gbé ọ la títì Èkó sí Ìbàdàn já, kó bo ọkọ̀ tí o bá wọ̀, kó sì fún ọ ní ọkàn tí kò ní yí padà lójú ọ̀nà. Wá fi ọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Fàtímọ̀.