Ojú Tí A Kò Fi Kréyọ̀n Kàn: Ìgbésí Ayé Sidonie Òṣàbùnmi Àkànmú (1934–1967)

Ní ọdún 1934, nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ni a bí olóògbé Sidonie Òṣàbùnmi sí Odomẹ̀ta, lórí ilẹ̀ pupa Kétu. Bàbá rẹ̀ ni olóògbé Ṣàngódélé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kpankou. Ìyá rẹ̀ ni Wùmí, tó jókòó láàárín yín lónìí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ọmọ ni. Ẹ bá wa sunkún, ẹ má bá wa jó.

Àfín ni Ọlọ́run dá a. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé bàbá rẹ̀, wọn kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó gbà á lọ́wọ́ oòrùn oko. Ó bá ìyá rẹ̀ gbin ẹ̀pà, ó bá a hú u, awọ èjìká rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ó kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fàdá ní Kétu. Ó ní láti gbé ìwé sún mọ́ imú kó tó rí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa bi í bóyá lẹ́tà ló ń gbóòórùn. Òun a fèsì pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, tiyín ló ń rùn jù.” Lẹ́yìn náà ló kọ́ṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1953.

Ní 1955, ó lọ ya fótò lọ́dọ̀ Honoré Àkànmú, ayàwòrán ẹ̀bá ọjà Kétu. Honoré ní, “Ẹ ṣí akẹtẹ̀ yín, kí n lè rí ojú yín.” Ó dá a lóhùn pé, “Bí mo bá ṣí i, oòrùn náà á rí i.” Honoré ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ sójú fèrèsé, ó ní, “Ó wá ku èmi nìkan.” Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ìjọ Àgùdà. Ìfẹ́ wọn dà bí omi inú àmù: ẹ ò lè gbọ́ ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tutù.

Gbogbo ayàwòrán ló ń fi kréyọ̀n, ìyẹn pẹ́ńsùlù, ẹlẹ́nu ṣóńṣó pa àbàwọ́n rẹ́ lára fíìmù, kí ojú oníbàárà lè dán. Ní ọdún òmìnira, 1960, Sidonie wọ aṣọ tuntun, ó ya fótò. Àmì kan tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Honoré pa á rẹ́, ó sì ń pa á rẹ́ nínú gbogbo fótò tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín: “Ta nìyí? Kì í ṣe èmi.” Ọkọ a ní, “Ìwọ ni, bí mo ṣe ń rí ọ.”

Ní 1964, àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́, sọ́dọ̀ Dókítà Gaston. Dókítà kán òróró sí i, ó gbé dígí kékeré kan tí iná wà nínú rẹ̀ lé e, ó wò ó pẹ́. Ó ní ohun tí òun rí kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ojú obìnrin láìdájú. Bó bá ti pẹ́ tó rí bẹ́ẹ̀ láìyí padà, kò léwu púpọ̀. Bó bá ń dàgbà, kí wọ́n gé e kíákíá. Sidonie ò lè sọ èwo ni. Ojú tó ń rí nǹkan lójoojúmọ́ kì í mọ ìgbà tó ń dàgbà. Dókítà wá béèrè fótò àtijọ́.

Honoré kó wọn wá tayọ̀tayọ̀. Gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán bí ẹyin. Dókítà fi dígí yẹn kan náà wo fótò, ó rí ipa kréyọ̀n. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ nù ún?” Honoré gbà pé òun ni. Àwọn fíìmù tí ì bá fọ kréyọ̀n kúrò lára wọn kí àmì náà lè hàn, òjò ti wọlé bà wọ́n jẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Honoré ń ya àmì náà láìnù ún, lójú ìmọ́lẹ̀ kan náà, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọdún tó yí, fótò méjì tí a tò síra wọn ti sọ òdodo: ó ń dàgbà. Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti sá wọ ọrùn. Sidonie ò bá ọkọ rẹ̀ wí. Ohun tó sọ kò ju pé, “O fẹ́ràn mi jù, o ò rí mi.”

Ó fi agbára tó kù rán aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn fún àwọn ọmọ àfín títí dé Adakplamè, Honoré sì ń ya àmì ara wọn lọ fún dókítà. Ọ̀kan nínú wọn, Huguette, tètè rí iṣẹ́ abẹ. Ó wà níhìn-ín lónìí, pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí.

Sidonie jáde láyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, 1967. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àti ọkọ rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ Victorine, àti ọmọ méjì, Clémence àti Barnabé. Kò dúró rí ọmọ-ọmọ.

Àwọn tó bi wá léèrè ìdí tí a fi gbé fótò tí àmì náà hàn nínú rẹ̀ síwájú ìwé ìsìnkú yìí, Sidonie ló yàn án. Ó ní kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lára lè dá a mọ̀. Honoré tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kréyọ̀n wà lórí tábìlì, kò mú un.

Òṣàbùnmi, oòrùn ti wọ̀. Ṣí akẹtẹ̀ rẹ, gbé e sílẹ̀. Sùn re níbi òjìji.