Sí Ọkọ Mi ní Liverpool, Lórí Téṣàn Tí Wọ́n Wó

                                        Ìjigbò,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èrèlé, ọdún 1958.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Bàbá Olúyẹmí,

Ẹ kú àjò o, ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ara yín ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ló kù tó ń pa wá. Eyín iwájú Olúyẹmí ti ká. Ó ní kí n má sọ fún yín.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ ọjà. Bí ìṣe wa, mo kà á sí etígbọ̀ọ́ Ìyá yín àti gbogbo ilé. Bí mo ti dé ibi tí ẹ ti ní wọ́n wó téṣàn rélùwéè orí òpó tí ẹ ti máa ń wọkọ̀, Ìyá ké "Yéè! Ọmọ mi o!" Wọ́n rò pé ó wó lu èèyàn ni. Ta ló rí rélùwéè rí ní Èkìtì, ká má tíì sọ èyí tó ń sáré lókè òrùlé? Mo ṣàlàyé títí pé àwọn òyìnbó ló fọwọ́ ara wọn wó o, nítorí irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ìyá ní irọ́ ni, kò sí ẹni tí í fọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tó ń gbé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n mú àkùkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́ pé kò pa yín. Èmi ni mo gbé àkùkọ náà, mo sì jó dé iwájú pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n ijó tèmi ọ̀tọ̀ ni o. Inú mi dùn pé wọ́n wó o! Láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ̀wé nípa Dórà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ téṣàn yẹn mọ́. Dórà bu tíì gbígbóná fún yín. Dórà ní ẹ̀rín yín dùn. Dórà tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi wé yín lọ́rùn, òun náà lẹ sì wé nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi ìyàwó yín! Ṣúẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi hun dà? Àbí òtútù Liverpool kì í mú àyà ni, ọrùn nìkan ló ń mú? Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni, búbà ìgbéyàwó mi ti ń já bọ́ léjìká.

Bí a ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá bi mí pé, "Obìnrin tó fún ọmọ mi ní ìborùn ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?" Wọ́n ní kí n tún lẹ́tà náà kà. Mo tún un kà. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ń kó irin lọ. Ẹ kọ ibi tí àwọn ẹyẹlé abẹ́ òrùlé rẹ̀ ṣí lọ. Ẹ ní ẹ kò ní lè wálé lọ́dún yìí mọ́, bẹ́ẹ̀ Àjíǹde lẹ dá fún wa. Ẹ kò wí nǹkan kan nípa Dórà. Ayọ̀ tí mo fi jó dìbàjẹ́ mọ́ mi lára lójú ọ̀nà.

Ìyá kí yín. Bàbá mi ní Ìjan kí yín, wọ́n ní ṣé àna àwọn ṣì wà láyé. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lọ́hùn-ún. Kí ẹ sì dá mi lóhùn kíákíá: téṣàn ti wó, Dórà ti sọ̀kalẹ̀. Ilé ta ló wọ̀?

                                        Èmi ni tiyín, èmi nìkan,
                                        Monínúọlá.