Pádì Tí Mo Ṣe fún Ọwọ́ Òsì Àlàkẹ́

Èmi, Tàjúdíìn Àkànjí Oyèlárán, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníbúrẹ́dì tẹ́lẹ̀ ní Gawon Nama, Sókótó, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ̀yin Àlùfáà Yahya ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.

1. Ilé mi àti ilé búrẹ́dì: ẹ pín wọn fún Àlàkẹ́ ìyàwó mi àti Fàrúkù, ọmọ mi kan ṣoṣo, bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi ni, Fàrúkù kò ní fojú kan bíríkì kan níbẹ̀. Ọlọ́run ló fún un, n kò lè gbà á.

2. Nínú ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ̀sìn fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù mí, mo fún Kulu aládùúgbò wa, tó ń ta kunu, ní tẹ́sítà tí mo fi ń yẹ iná wò, irin tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, àti rédíò méjì tó kù nínú àwọn tí mo ń tún ṣe.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún Àlàkẹ́. Mo tú pádì géèmù àtijọ́ kan, mo kó gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sí apá òsì, mo jó wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Láti ìgbà náà, bí a bá ti kí Alásárì tán, àwa méjèèjì á jókòó ti eré ìje ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó máa ń fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ òsì tí kò lè gbé ṣíbí tẹ́lẹ̀ ti ń kọ̀wé báyìí. Fàrúkù ní eré ọmọdé ni.

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù lẹ́yìn Iléyá, Fàrúkù ti gbà pé n kò ní bọ̀. Ó kó àpótí ẹ̀rọ géèmù mi fún àwọn mai gwangwan tí ń fi ọmọlanke kó àlòkù irin lọ sí Kasuwar Kara. Ó já pádì gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó jù ú mọ́ ọn. Ìyá tó bí i! Kulu ló sáré tẹ̀ lé ọmọlanke náà, tó fi ìkòkò kunu rẹ̀ gba pádì yẹn padà. Ìyókù ti lọ pátápátá, ẹ̀rọ mìíràn la fi ń ṣe eré náà báyìí.

3. Kulu ni kó máa tún pádì náà ṣe níwọ̀n ìgbà tí Àlàkẹ́ bá wà láyé. Mo ti kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ.

4. Fàrúkù kò gbọdọ̀ wẹ òkú mi. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè mi. Ó wá tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, fóònù wà létí rẹ̀. N kò gbà á.

Àfikún, kí n tó buwọ́ lù ú: Àlàkẹ́ ní kí n yọ ẹsẹ̀ kẹrin kúrò. Mo kọ̀. Ó ní òun ni wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun, kì í ṣe èmi. Mo tún kọ̀. Ló bá mú bírò, ó fi ọwọ́ òsì fa ìlà gba orí ẹsẹ̀ náà já. Ìlà náà gún régé.

Àlùfáà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Kí Fàrúkù wẹ̀ mí. Inú ṣì ń bí mi.

Ìbuwọ́lùwé: T. A. Oyèlárán
Sókótó, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Quadri Adéṣínà, télọ̀
Ṣẹ̀yẹ Ọláwuyì, fọkanáísà