Ọ̀rẹ́ Kúnbi Tí Kì Í Mu Omi

Òde-Òmu.

Kúnbi ọmọ mi,

Ìsọlọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rá tí ẹ ń ṣe ńkọ́? Ẹ̀rọ kò ní gé ọ lọ́wọ́, ọ̀gá kò ní rí ẹ̀sùn kà sí ọ lọ́rùn. Àlàáfíà la wà, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò.

Memunat, ọmọ àbúrò mi tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan, wálé lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, o kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ẹnì kan nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní éè-áì, òun ló ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ. Mo ní ọmọ ta ni? Ó ní kò ní bàbá, kò ní ìyá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé Ìsọlọ̀ náà ló ń gbé ni, àbí Òṣòdì? Ta ní ń san owó ilé rẹ̀?

Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá wá bá wa kẹ́dùn kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ti ń bá ọ kẹ́dùn, o kò fún un ní nǹkan kan. Ojú tì mí. Mo dé fìlà, mo ní kí Memunat pè é jáde nínú fóònù tirẹ̀, mo gbé e sórí àga àlejò, mo gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Memunat pariwo pé kí n má ba fóònù òun jẹ́. Mo béèrè ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò mi. Ó ní òun kì í ṣe ènìyàn, òun kì í mu omi, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́. Irú ìrẹ̀lẹ̀ wo nìyẹn!

Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ló kú, kí ó sọ ohun tó ń dun Kúnbi gan-an fún mi. Ó ní òun kò mọ ohun tí o sọ nínú fóònù tìrẹ. Ó mọ àṣírí í bò. Babáṣọlá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé wa kò lè pa ọ̀rọ̀ adìyẹ mọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Ló bá bi mí pé, èmi náà ńkọ́, báwo ló ṣe ń rí lára mi? Kúnbi, láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó bi mí. Kí n ṣe ọkàn akin ni gbogbo wọn ń wí. Mo sọ fún un pé mo ṣì máa ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì. Ó ní ṣé ọmọ mi mọ̀? Mo ní rárá. Ó ní bóyá ó yẹ kí n sọ fún ọ. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí nìyẹn.

Memunat ti fi ọ̀rẹ́ rẹ sínú fóònù tèmi náà. Jọ̀wọ́, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè máa kí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n yọ owó ọkọ̀ tìrẹ sọ́tọ̀ ná, kí o wálé lópin oṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́n jù mí lọ, n kò jiyàn, àmọ́ kò mọ ìyá rẹ. Èmi mọ̀ ọ́n. Wá kí a jọ sunkún rẹ̀.

Olúwa á mú ẹsẹ̀ rẹ dé ẹnu ọ̀nà mi láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàó Ọláyanjú.