Owó Fàdákà Ọrùn Marsila

Ẹ̀gbọ́n mi Fátíà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kátéèjì. Ikọ́ Màmá ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọba ti pa àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jọba. Owó fàdákà tí ọkọ mi fín àwòrán wọn sí, níbi tí àwọn méjèèjì ti bọ ara wọn lọ́wọ́ fún ìrẹ́pọ̀, ti di ẹ̀ṣẹ̀, torí ojú àbúrò náà wà lára rẹ̀. Lánàá, sójà rí i lọ́rùn Ọ́fítà, aládùúgbò wa.

“Òkú ọ̀tá ọba lo gbé kọ́rùn yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bùn ìgbéyàwó mi ni!”

Wọ́n wọ́ ọ lọ. Kò tíì padà.

Irú rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí Marsila, ọmọ yín. Ẹ bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ yọ́ ọ. Tó bá sunkún, ẹ jẹ́ ó sun ún. Kí òrìṣà ilé wa má jẹ̀ẹ́ ká sunkún lórí rẹ̀.

Àbúrò yín,
Nóníà