Afirinkọrin, Ẹni Tó Gba Ohùn Lẹ́nu Géètì

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò tí ẹ bá wa pé jọ lónìí, àwa ẹbí kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ wá. Olóògbé tí a wá sin yìí ni gbogbo yín ń pè ní Afirinkọrin. Ọmọ onípáànù ni. Bàbá rẹ̀ ló máa ń lẹ ìdí garawa àti kẹ́tùlù tó ń jò, ìyá rẹ̀ sì ń fọ aṣọ ní ọsibítù. Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù páànù ni wọ́n bí i sí, ní ọdún tí odò gbé afárá lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń sọ ìtàn yìí, ti tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́ nígbà náà. Òun ni wọ́n rán kó lọ sọ fún bàbá pé kó yé lu páànù kí ọmọ lè sùn. Bàbá dákẹ́, ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ọmọ sùn lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó kàwé dé kíláàsì kẹfà. Kì í ṣe olódo, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ó kan ìṣó méjì mọ́ abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fa rọ́bà sáàárín wọn, ó wá ń ta á bí tíṣà bá ti kọjú sí pátákó. Tíṣà wá ohùn náà títí, ó rò pé inú ọmọ kan ló ń kùn. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó ta rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta á, ó ní kí tíṣà má bínú, ṣùgbọ́n ìṣó ọwọ́ ọ̀tún ni kò wọlé dáadáa. Wọ́n délé kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ilé ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ jórinjórin kan tó ń ṣe géètì, fèrèsé àti táǹkì omi. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé irin kúkúrú àti irin gígùn kì í ké bákan náà bí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀. Dípò kó kó àgékù dànù, ńṣe ló ń so wọ́n rọ̀ sára igi òrùlé. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Fèrèsé ni wọ́n wá rà níbí o, wọn ò wá ra ariwo." Ó gbọ́, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà parí. Nígbà tó dá dúró, fèrèsé ló ń ṣe lọ́sàn-án, ariwo ló ń ṣe nírọ̀lẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ń ta ìkòkò nígbà náà. Olóògbé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi ìka kan ìdérí kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sétí, ó ní òun fẹ́ rà á. Obìnrin náà bi í pé ìkòkò rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ò ní ìkòkò. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta, títí ìkòkò tó kù ní ṣọ́ọ̀bù fi di aláìnífìlà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1968. Ìyàwó máa ń sọ pé torí kí òun lè máa ṣọ́ àwọn ìdérí òun lòun ṣe fẹ́ ẹ. Kò rí wọn ṣọ́. Ìdérí tó bo ọbẹ̀ lánàá, ẹ ó bá a lónìí tó ń fì lórí wáyà. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ohun tó ṣe pọ̀. Húkọ́húkọ́ ló pe sílíńdà gáàsì kan tó gé sí méjì; bí a bá fi ọwọ́ tútù pa á lára, á húkọ́ bí arúgbó. Ẹlẹ́jọ́ ló pe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó so ṣíbí mọ́, kì í dákẹ́ bí atẹ́gùn bá ti wà. Táǹkì kan tó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára wà níbẹ̀ náà, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ ta á, wọn ò sì gbọdọ̀ máa bínú síra wọn. Ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan gba mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síwájú wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọjọ́ kejì ló lọ kó wọn padà. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, àwọn nǹkan náà ló ti ń ya odi.

Olùjọsìn ni, ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí agogo ilé ìjọsìn sán, òun ló jó o pọ̀. Wọ́n ní kó gbé ohun èlò kan wá bá àwọn akọrin, Húkọ́húkọ́ ló gbé wá. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ pa á nígbà ìwàásù, oníwàásù sì dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n fún bàbá náà lómi. Ní àdúgbò, òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe títí àyà rẹ̀ fi kọ̀.

Ní 1985, ó kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì ṣe géètì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Géètì náà ń ké. Bí a bá tì í, á kọ́kọ́ kùn nísàlẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á han gooro, á wá sín kékeré kan kó tó dúró. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òróró sí i. Àwa náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń sọ fún wa pé ó ti wọlé.

Ẹni tí kò fẹ́ ẹ ni Ìyá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì òpópó. Ó ní ariwo ilé wa ti mú kí òun gé apá aṣọ ìyàwó kan ní ìgékúgèé. Ó fẹjọ́ sun ẹgbẹ́ àdúgbò, wọ́n ní kí olóògbé máa dáwọ́ dúró bí oòrùn bá ti wọ̀, ó sì gbà. Síbẹ̀ obìnrin náà ò jáwọ́. Bí olóògbé bá ti ń kọjá, á di imú, á ṣe bí géètì náà láti orí kíkùn dé orí sísín. Wọn ò kíra wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ìwé àwọn ọmọ tí kò ríran ní kó ṣe nǹkan kan fáwọn. Inú rẹ̀ dùn, torí lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ó ní òun ó ṣe irin ìdìmú kan láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì dé pápá ìṣeré, tí páìpù kéékèèké á rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń fọwọ́ wọ́ ọ lọ, ohùn géètì náà ni á máa gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó bá gbọ́ ọ dé ni á fi mọ ibi tó dé. Àràárọ̀ ló ń ṣí géètì, á tẹ́tí sí díẹ̀ níbẹ̀, á sáré lọ gé páìpù kan kó tó gbàgbé. Ó ti dé ìdajì nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Dókítà sọ fún un pé àyà rẹ̀ ò ní gbé e jìnnà mọ́. Ó ní kí àyà náà ṣáà gbé òun dé ìparí irin ìdìmú.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kun ọkọ̀, fẹ́ kí bàbá bá ilé tó dára. Ó ha géètì, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó sì fi gírísì kún ibi tó ti ń yí. Olóògbé dé láti ọsibítù, ó ti géètì, géètì ṣí láìfọhùn. Ó pa á dé, ó tún tì í. Ó ní, "Ta ló pa á?"

Ọmọ dáhùn pé, "Bàbá, mo bá yín tún un ṣe ni."

Ó wo ọmọ náà, ó ní ó ṣeun, ọ̀dà náà dára. Ó wọlé lọ jókòó, kò sì lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọmọ fi kẹrosíìnì fọ gírísì kúrò, ó da omi iyọ̀ sí i kó lè dógùn-ún. Nígbà tó yá, géètì ké lóòótọ́, àmọ́ ohùn ẹlòmíràn ni. Gbogbo ilé wá ń fẹnu ṣe é. Ìyàwó mọ ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tó ti ń han. Olóògbé ń mirí ṣáá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sọdá òpópó. Ìyá Aránṣọ rò pé ìjà ló bá wá. Olóògbé ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi géètì mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Ṣé oògùn ọsibítù ni?"

Nígbà tó ṣàlàyé tán, obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ há aṣọ, ó tẹ̀lé e. Ó dúró níwájú géètì, ó di imú, ó ṣe é. Kò fo ibì kankan, ó sì sín níbi tó yẹ kó sín. Olóògbé kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì ibi iṣẹ́ olóògbé ni Ìyá Aránṣọ ti ń ṣẹ́tí aṣọ láràárọ̀. Bí páìpù kan bá dún, á ní rárá o, kò tíì burú tó, géètì yín burú ju ìyẹn lọ. Olóògbé á tún ha á, á tún lù ú, títí ó fi máa burú tó. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé náà sọ fún wa pé àwọn ọmọ ń dá lọ sí pápá báyìí láìsí pé ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́, àti pé kò sí èyí tó dé òpin tí kì í sín.

Olóògbé fọwọ́ rọrí lójú oorun ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀, Ìyá Aránṣọ ló rán an. Kò gbà kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ ti pé nílé báyìí, tí kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọ rẹ̀ tó ń kun ọkọ̀, èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ tíṣà. Ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kì í sùn àfi bí Ẹlẹ́jọ́ bá ń rojọ́.

Géètì ṣì wà níbẹ̀. A ò kán nǹkan kan sí i mọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nísàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde lónìí, ẹ má tì í jẹ́jẹ́.

Sinmi, àbúrò mi. Oorun ire ni kó o sùn. Bó o bá gbọ́ tí géètì ń ké, fọkàn balẹ̀, àwa la wọlé.