Nígbà Tí Níkésípù Lọ Gbọ́ Tẹnu Àwọn Ọ̀tá Wa

                                        Ilé Kírítólà,
                                        Ẹ̀yìn Ògiri Ìsàlẹ̀,
                                        Kátáyà, Erékùṣù Kéósì.
                                        Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àjọ̀dún Àpólò.

Símù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jí ọ̀pọ̀tọ́ olóko jẹ,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́ aró, mo kí ọ kú ìjókòó Mílétù. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń fi gé ọ jẹ báyìí? Inú tó máa ń run ọ́ lẹ́yìn ẹja yíyan, ṣé ó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ bí ìbejì, àjàrà so dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ ju gbogbo ìyẹn lọ, bí n kò bá sì tètè sọ ọ́, inú mi á bẹ́. Bàbá mi ti bọ́! Símù, mo ní bàbá mi ti bọ́ nínú ẹ̀sùn yẹn!

Ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa rí. Láti ọdún tí bàbá mi ti kó àwọn ọmọkùnrin Kátáyà lọ kọlu agbo àgùntàn àwọn ará Yúlì, tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ pa olùṣọ́-àgùntàn kan, tí àwọn Yúlì sì figbe ta pé ìbúra àìjà tí ìlú méjèèjì jọ ṣe níwájú Àpólò kò tíì parí, ni wọ́n ti ń pè wá ní ilé ọ̀dàlẹ̀. Bàbá ní òun kò dalẹ̀, pé ìbúra ti tán kí òun tó gbé ọ̀kọ̀. Ta ní gbọ́? Àwọn ará ìlú wa gan-an, tí wọ́n jọ jẹ ẹran àgùntàn náà tí wọ́n fẹnu nu ọ̀rá, àwọn ló kọ́kọ́ lé e kúrò nídìí pẹpẹ kí ègún má baà kan àwọn. Àwọn ọmọdé á máa kọrin tẹ̀lé e lójú pópó: "Ẹni dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ!" Ní báyìí ó ti darúgbó, àyà ń dùn ún, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù kò ju pé kí òun kú, kí wọ́n kọ̀ láti sin òun mọ́ àwọn baba òun.

Ibẹ̀ la wà tí Níkésípù òpìtàn fi dé. Ará Ténósì ni, ọmọ olówó, tó ta ọgbà àjàrà bàbá rẹ̀ kó lè máa wọkọ̀ kiri láti bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn àwọn ogun erékùṣù wa, òun ó sì kà á sétí gbogbo èrò lọ́jọ́ àjọ̀dún. Bí wọ́n bá ti ka bàbá mi ní ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò tún pa á rẹ́?

Ni mo bá gbé wàràkàṣì ńlá kan àti ọtí wáínì lọ bá a. Ó jẹ ẹ́ o! Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìbúra yẹn, ìgbà wo ni wọ́n ní yóò tán?"

Mo ní, "Bí oṣù ìkórè bá ti lé. Oṣù ìkórè sì ti lé kí bàbá mi tó jáde."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ni."

"Tẹnu àwọn Yúlì ńkọ́?"

Orí mi gbóná. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn òpùrọ́ yẹn?"

Ó ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni. Wàràkàṣì rẹ dùn. Kò lè bá mi kọ̀wé."

Ilẹ̀ mọ́, ó gbọ̀nà Yúlì lọ. Mo délé, mo ṣépè fún un, mo ṣépè fún wàràkàṣì tó jẹ. Bàbá mi ní kí n panu mọ́: "Jẹ́ kó lọ. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń sá fún?"

Ó pẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ló sọ di ilé, kò sí àgbà tí kò bi léèrè. Nígbà tó padà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun títí ọjọ́ àjọ̀dún fi pé. Èmi àti bàbá dúró lẹ́yìn òkúta ààlà ojúbọ, níbi tí wọ́n ní kí bàbá mọ.

Níkésípù bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní òun rí ìyá àgbàlagbà kan ní Yúlì, Fánò lórúkọ rẹ̀, òun ni ìyá olùṣọ́-àgùntàn tó kú náà. Ọmọkùnrin náà, Míkò, ti fẹ́ gbéyàwó lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Yúlì rí i pé oṣù ti sáré ju ọkà oko lọ, wọ́n bá fi oṣù kan kún ọdún kí ti ìkórè tó lé, ìgbéyàwó sì sún síwájú. Inú oṣù àfikún yẹn ni wọ́n pa á. Fánò ní bí òun ti ń gégùn-ún fún Kírítólà bàbá mi lòun ń gégùn-ún fún oṣù yẹn.

O ti rí i bí? Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ka oṣù tirẹ̀. Àwa kò fi nǹkan kún tiwa lọ́dún yẹn. Oṣù ìkórè ti lé lọ́dọ̀ wa, ó ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn! Níkésípù gbé ìwé sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará Kátáyà, mo wá òpùrọ́ kiri nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí ẹyọ kan. Ìlú méjèèjì ló pa ìbúra mọ́. Ọmọ obìnrin yìí sì kú."

Àfi bí àlùfáà àgbà ṣe rìn wá síbi ààlà, tó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, tó mú un wọlé dé ìdí pẹpẹ. Símù, mo pariwo! Mo jó débi pé bàtà mi já. Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ yóò bá a. A kò mọ̀ pé òtítọ́ méjì ló ń lé ara wọn kiri. Gbogbo ẹni tó ti fi wá ṣẹ̀sín ni mo dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bi wọ́n bóyá etí wọn ń gbọ́ràn.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ yẹn fẹ́ gbéyàwó?" Nígbà tó tún ṣe, ó ní, "Mú mi lọ sí Yúlì."

Àná la lọ. Mo gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a bá ìyá náà níwájú ilé, ó ń gbọn òwú. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Èmi ni Kírítólà." Ìyá náà kò dìde, kò sì ṣépè. Ó ní, "Ìwọ lo rí ọmọ mi kẹ́yìn. Kí ló sọ?"

Bàbá mi kò sọ èyí fún wa rí, Símù, àní fún ìyá mi pàápàá.

Ó ní, "Ọmọ náà ní, 'Ṣebí a ti búra?' Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ṣe bí irọ́ ló ń pa."

Ìyá náà tẹ orí ba, ó ní, "Ọmọ mi kì í purọ́." Bàbá mi ní, "Mo ti mọ̀."

Bá mi kí ìyàwó àti ọmọ eléyín. Kí gbogbo ará Kéósì tó wà ní Mílétù, kí o sì ka ìwé yìí sí wọn létí sókè.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Téllíyà, ọmọ Kírítólà.